Ta Ló Ṣí Ọ̀pá Oddny Nípò?

Bí ẹ bá dé Tverrdal lónìí, tí ẹ rí obìnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò tí bọ́ọ̀sì sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Oddny nìyẹn. Ẹ má dúró fún un. Mo ti dúró fún un rí, ṣe ló júwọ́ sí mi pé kí n máa lọ, bí ẹni ń lé adìẹ. Ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àfonífojì wa, táyà ti sú u pátápátá.

Èmi ni mo máa ń tún bọ́ọ̀sì náà ṣe. Jostein lorúkọ mi. Ìgbàkígbà tí bọ́ọ̀sì yẹn bá ń yọ èéfín, èmi ni yóò pè, kò sì sí èébú tí kò tíì bú mi. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í purọ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ibùdókọ̀, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe kí òun tó kú: kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ilẹ̀ Nọ́wè já, láti Lindesnes ní ìsàlẹ̀ gúúsù títí dé Nordkapp lókè pátápátá, kí ó má sì sí ibì kankan láàárín tí ọkọ̀ ti gbé e kọjá.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Jostein, mo ti wakọ̀ débi pé bí wọ́n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo ti yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi gan-an ò tíì dé ibì kankan."

Ta ló fi ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́kàn? Torgunn ni. Tíṣà ni Torgunn ní ilé-ìwé wa, òun àti Oddny sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwọn fúnra wọn ti wà ní kíláàsì kan náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Torgunn ti rin ìrìn náà. Ọjọ́ tó délé, gbogbo àdúgbò ta àsíá, àwọn ìyàwó ilé gbé kéèkì wá sí gbọ̀ngàn, àwa ọkùnrin sì mu ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi, Torgunn a máa sọ ìtàn ìrìn rẹ̀ fún kíláàsì tuntun, a máa fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri. Kódà lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń pè é. Oddny tó bá fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ náà dé gbọ̀ngàn a máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kóòtù lọ́rùn, a gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ títí ó fi mọ ibi tí Torgunn ti máa ń dánu dúró láti mí.

Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù. Torgunn á gbé ọ̀pá ìrìn rẹ̀ sókè, á ní, "Ẹ lè wọ mọ́tò lọ jẹun. Ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àmọ́ ẹ gbin ọ̀pá yín síbi tí ẹsẹ̀ yín ti kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì padà wá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá fo ìṣísẹ̀ kan péré ńkọ́?" Gbogbo ọmọ á pariwo pé, "A ò tíì rìn ín nìyẹn!" Mo ti rí Oddny lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń mi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí Oddny fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kí oṣù karùn-ún parí kí ó tó gbéra. Èmi àti Torgunn ṣèlérí pé bó bá dé orí òkè títẹ́jú, a óò lọ pàdé rẹ̀, a óò sì fi ọjọ́ kan gbáko tọ́jú rẹ̀ nínú ahéré tí bàbá Torgunn kọ́ síbẹ̀. Oṣù kẹfà ni. Yìnyín ń yọ́, omi ti bo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó wá di dandan kí ó gba ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tó lọ síbi odi omi ńlá tí wọ́n mọ láti fi sé adágún. Ahéré wà lẹ́yìn odi omi náà díẹ̀. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà yẹn, ẹ ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ ju adágún lọ́tùn-ún, àpáta lósì, àti àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbin sétí ọ̀nà kí àwọn tó ń kó yìnyín má baà ṣìnà. Ibi gbogbo níbẹ̀ jọra. Afárá onígi kan ṣoṣo tó wà láàárín ló yàtọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la rí i níwájú wa, ó ń tiro bọ̀, kò tíì dé afárá. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti lé ròrò, ó ti bẹ́, ó tún ti lé òmíràn. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa débi pé ó gbá mi mọ́ra, ohun tí kò ṣe rí. Ṣùgbọ́n kò tíì wọ mọ́tò. Ó kọ́kọ́ gún ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ọ̀nà, ó fi òkúta há a ní ìdí, ó sì mì í wò bóyá ó dúró.

Ó ní, "Torgunn, o rí i, àbí? Ibí yìí ni o."

"Mo rí i, jàre. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ẹ. Wọlé, òórùn ìbọ̀sẹ̀ ẹ lásán ti fẹ́ pa àwọn ẹyẹ."

A kò tíì lọ jìnnà tí Oddny fi sùn lọ. Ó sùn kọjá afárá, ó sùn kọjá odi omi, èmi ni mo jí i nígbà tí a dé ahéré.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bí mi nínú láti sọ ọ́. Oòrùn yọ láàárọ̀. Oddny jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú báàsì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ kó gbé nǹkan kan. Mo gé ẹran àgùntàn gbígbẹ fún un ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A ta ayò dáìsì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa mí láyò, mo fi ìka kékeré ti dáìsì kan, ó yí padà di mẹ́fà. Torgunn rí mi.

"Olè! Jostein, olè ni ẹ́! Dá a padà!"

"Atẹ́gùn ló tì í."

"Atẹ́gùn tó ní èékánná dúdú? Ó kù sí ẹ lọ́wọ́. Èmi ò bá ẹni tó ń rẹ́ èèyàn jẹ ta ayò mọ́."

Oddny rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i lára. Torgunn kò rẹ́rìn-ín o, inú bí i tọkàntọkàn, àfìgbà tí mo dá dáìsì náà padà.

Lẹ́yìn náà ni Torgunn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Ṣé òjò pa á púpọ̀? Ó ní ó pa á. Ṣé ó sunkún? Ó ní lẹ́ẹ̀kan, nídìí agbo àgùntàn kan, àwọn àgùntàn náà sì dúró wò ó.

Torgunn ní, "Àwọn ọlọ́kọ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò dúró fún ẹ nínú òjò yẹn?"

"Wọ́n dúró. Wọ́n pọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ bínú sí mi pé ṣé òun jọ apànìyàn ni."

"Kí wá lo sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n máa lọ." Oddny gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú omi, ó ń wò ó. "Torgunn, ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n. O mọ bó ṣe máa ń rí lára tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá tún padé, tó bá lọ, tó wá ku ìwọ nìkan. Inú mi máa ń dùn gan-an nígbà yẹn. Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún tó máa yé, àfi ìwọ."

Torgunn ń bu kọfí lọ́wọ́. Ó bù ú títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, kò mọ̀. Mo ní kó rọra, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Kò pẹ́ tó fi dìde. Ó ní òun fẹ́ ro ẹ̀kọ kírímù kíkan fún wa lálẹ́, èyí tí a máa ń fi ṣúgà àti ìyẹ̀fun sinamọ́ọ̀nù wọ́n lórí, ṣùgbọ́n kírímù kò ní tó. Mo wo inú abọ́, mo rí kírímù tó tó fún agbo ilé méjì. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkùnrin kì í mọ iye kírímù tó ń tó. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ. Oddny sùn sórí bẹ́ńṣì, mo fi aṣọ bò ó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kùrukùru ti sọ̀ ká orí òkè.

Torgunn pẹ́. Nígbà tó dé, ọwọ́ òfo ló fi wọlé, ẹrẹ̀ sì wà ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ò rí mi bí? Mo gbàgbé pé Sọ́ńdè ni. Ṣọ́ọ̀bù ti tì pa."

Mo rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. Ta ló ń gbàgbé ọjọ́ Àìkú ní ilẹ̀ yìí? Lọ́jọ́ Àìkú, bí o bá gé koríko iwájú ilé rẹ, aládùúgbò rẹ kò ní kí ọ títí ọdún á fi yí po. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé sí i. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ro ẹ̀kọ, kírímù sì tó, ó ṣẹ́kù. Oddny jẹ àwo mẹ́ta.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, èèyàn kò lè rí ilé ìgbẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ahéré, bí kùrukùru ṣe ki tó. Torgunn ní òun á gbé Oddny padà, kí èmi máa fọ ilẹ̀, nítorí a kì í kúrò ní ahéré láìfọ ilẹ̀. Oddny sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Torgunn sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú mọ́tò, ó pa á lẹ́rìn-ín, wọ́n kọrin tí wọ́n máa ń kọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, òun sì rò ó lọ́kàn pé ọ̀nà yìí mà yá o. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wakọ̀, kò wo iye ibi tí ọkọ̀ rìn dé. Kí ló fẹ́ wò ó fún? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wa mọ́tò. Nígbà tí Torgunn dúró, ọ̀pá wà níbẹ̀ létí ọ̀nà, òkúta há a ní ìdí. Wọ́n dì mọ́ra. Torgunn tiẹ̀ fi búrẹ́dì àti wàràkàṣì pupa sínú àpò fún un.

Oddny rìn. Ẹsẹ̀ kò dùn ún mọ́ púpọ̀. Kò rí nǹkan kan ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó kàn, lẹ́yìn náà òmíràn. Ó ti pinnu pé orí afárá lòun á jókòó sí jẹ búrẹ́dì òun, ó sì ń retí afárá. Dípò afárá, ògiri kan yọ sí i nínú kùrukùru, gíga, aláwọ̀ eérú. Odi omi ni. Ìrọ̀lẹ́ ló rò pé òun á dé ibẹ̀, ọ̀sán kò sì tíì pọ́n.

Ó ní inú òun kọ́kọ́ dùn. Ó ní òun rò pé ìsinmi yẹn ti sọ òun di ọmọge. Ó jókòó, ó tú búrẹ́dì, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó yọ máàpù jáde. Ó wò ó, ó tún un wò. Afárá kì í fò.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, nígbà tí fóònù mi dún.

"Jostein, ṣé wọ́n ti wó afárá yẹn ni?"

"Afárá wo?"

"Ti àárín ọ̀nà. Mo ti dé odi omi, mi ò gba orí afárá kankan kọjá."

"O ti dé odi omi? O ti ní ìyẹ́ ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ó kàn tutù ni. "Ta ló ṣí ọ̀pá mi nípò?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ Àìkú bá là sí mi lọ́kàn, àti ẹrẹ̀ orúnkún, àti kírímù tó kún abọ́. Mo wo ojú fèrèsé. Torgunn ti padà dé, ó wà níta, ó ń gbọn ẹní. Ó gbójú sókè, ó rí mi pẹ̀lú fóònù létí, ó sì dáwọ́ dúró.

Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ó ti mọ̀, àbí?"

Àwọn àgbà ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Mi ò sọ ọ́ sí i létí. Mo ní kí Oddny dúró dè wá níbẹ̀. A wọ mọ́tò, a lọ.

Oddny jókòó sórí ògiri odi omi, búrẹ́dì tó gé jẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Torgunn sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀.

"Ìwọ arúgbó yìí, o ò tiẹ̀ mọ oore. Gìgísẹ̀ ẹ ti bó. Mo kàn gé e kúrú díẹ̀ fún ẹ ni. Òkúta àti omi ló wà níbẹ̀, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ta ló máa mọ̀?"

Oddny ní, "Èmi."

"O ò bá má mọ̀ ká ní o ò yọ máàpù ẹ."

"Ìwọ lo ní bí èèyàn bá fo ìṣísẹ̀ kan péré, kò tíì rìn ín. Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé nìyẹn, Oddny! A máa ń sọ ọ́ kí wọ́n lè pariwo."

Oddny wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ojú tó fi ń wo dígí bọ́ọ̀sì nígbà tí ariwo bá dá lẹ́yìn, tó ń wá ọmọ tó ṣe é, ojú náà ni. Mo mọ ojú yẹn, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Torgunn, ìwọ ńkọ́?"

Mo rò pé Torgunn á bú u. Ó yíjú sí omi.

"Òjò ti pa mí láti àná ẹ̀," ó sọ níkẹyìn, "lójú ọ̀nà yìí náà. Bàtà mi kún fómi. Ọkọ̀ akókùúta kan dúró, ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ooru inú ọkọ̀ fẹ́ sí mi lójú. Mo wọlé. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Ó já mi sílẹ̀ níbí, níbi odi omi yìí. Mo ní màá sọ ọ́ tí mo bá délé. Mo délé, ẹ ti ta àsíá."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo ti máa ń gbọ́ òwe yẹn, mi ò tíì dúró níbi tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Kò dùn ún wò.

"Kí wá nìdí tó o fi fọwọ́ kan tèmi?" Oddny bi í. "Tìẹ kì í ṣe tèmi."

"Nítorí pé o ní kí wọ́n máa lọ!" Torgunn ti ń sunkún. "O jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ nínú báàsì mi, o ní mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ ká jọ rí bákan náà. O ò bá tiẹ̀ má mọ̀, èmi á mọ̀. Ó ti tó mi."

Oddny kò sunkún. Ó ká máàpù rẹ̀ síbi tó ti ń ká a tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ọdún ni mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn. Mo fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú òtútù, mo wá gbọ́ ẹ. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí, ìwọ ni mo máa ń rò pé o gba ibẹ̀ kọjá. Ìrìn tìẹ gan-an ni mo ń rìn, Torgunn. Mi ò ní tèmi kankan tẹ́lẹ̀." Ó gbójú sókè. "O mà dà mí o. O dà mí lẹ́ẹ̀mejì."

Kùrukùru ti ń ká, a ti ń rí etí òdìkejì adágún. Inú ń bí mi gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èmi ni wọ́n rẹ́ jẹ. Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo gbé àpò mi jáde kí n lè bá Oddny rìn. Oddny ti dìde, ó ń so okùn bàtà rẹ̀ le.

Mo ní, "Jẹ́ kó fi mọ́tò gbé wa padà síbi tí o dúró sí gan-an. Òfin gbà bẹ́ẹ̀."

"Mi ò wọ mọ́tò ẹ̀ mọ́." Ó nà dúró, ó kọjú sí Torgunn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. "Bàtà ìrìn wà lẹ́sẹ̀ ẹ. Ojú ọjọ́ ti ń là. Mo fẹ́ rìn padà, kí n tún un rìn wá. Ìwọ náà ní tìẹ lójú ọ̀nà yìí, ó ń dúró dè ẹ́ láti ọdún yẹn. Kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn, ká jọ lọ. Tó o bá rìn ín, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé."

Torgunn wo bàtà rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀nà. Mo rí i pé ó rò ó, ó rò ó dáadáa, nítorí ó tiẹ̀ mú ọwọ́ kan kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ọ̀la ni mo máa bá kíláàsì tuntun sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

Oddny bi í pé, "Kí lo máa sọ fún wọn tí ìtàn ẹ bá dé ojú ọ̀nà yìí?"

Torgunn ti jókòó sínú mọ́tò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Ohun tí mo máa ń sọ náà ni," ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.